Ta Ni Ẹ Fi Ẹran Ọ̀sìn Yín Lé Lọ́wọ́ Nígbà Tí Ẹ Lọ Sí Àjò?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí mo ti rí ní dìsípẹ́ńsárì fi hàn mí pé kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹran ọ̀sìn tí a ń fi sílẹ̀ nílé nígbà tí a bá rin ìrìn àjò ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọjọ́ márùn-ún.

Àwa ará ilẹ̀ yìí kì í jókòó sójú kan. Bí a kò bá lọ sí ìsìnkú ní Ìbàdàn, a ó lọ sí ìgbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a kò bá lọ kí ọmọ wa ní Èkó, a ó lọ ṣe ọdún nílé àna. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, a ó sì lọ dúró de mọ́tò ní ẹ̀bá títì Fìdítì, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ta ni ó kù sílé? Ajá tí a so mọ́ ìdí igi ni, àti adìẹ inú ilé adìẹ, àti ewúrẹ́ tí a há mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọn kò lè kọ lẹ́tà sí wa, wọn kò sì lè tẹ̀ wá láago pé omi ti tán.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìdílé kan ní Fìdítì lọ sin òkú bàbá ìyàwó ní ìlú mìíràn. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ, wọ́n sì ní ọjọ́ Ajé ni àwọn yóò padà. Wọ́n ní akọ ajá kan tí ó máa ń ṣọ́ ilé dáadáa. Wọ́n so ó mọ́ ìdí igi ọsàn lẹ́yìn ilé, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀bà ńlá kan àti abọ́ omi kan tì í, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tí ì ṣú tí okùn ajá fi da abọ́ omi nù. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ẹtì, oòrùn mú gan-an. Bí òjìji igi ti ń yí, okùn kò jẹ́ kí ajá bá òjìji lọ. Àwọn aládùúgbò gbọ́ bí ó ti ń ké, wọ́n ní olówó rẹ̀ ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún méje kan ní ilé kejì, ọmọ aláàánú, bu omi sínú ike, ó sì gbé e lọ bá ajá náà. Ajá tí ó ti mọ ọmọ yìí láti kékeré gé e jẹ ní apá. Òùngbẹ, ìbẹ̀rù àti ooru ni ó sọ ajá náà dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè mọ̀ ní wákàtí yẹn pé kì í ṣe dìgbòlugi?

Àwọn ará ilé fi epo pupa àti ata gígún dí ojú ọgbẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ǹjẹ́ ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?" Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Wọ́n tẹ olówó ajá láago, kò lọ. Káàdì ajá wà nínú àpótí, àpótí wà nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì wà lápò ẹni tí ó lọ sìnkú. Mo fọ epo àti ata kúrò lójú ọgbẹ́, mo fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa, mo fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, mo sì kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kan náà. Bàbá rẹ̀ yá owó mọ́tò. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n dé kò ní abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀. Ibì kejì ni wọ́n ti rí i.

Olówó ajá dé ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a yẹ káàdì wò, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kò kú, kò sì ṣàìsàn. Apá ọmọ náà san. Ṣùgbọ́n ilé méjì tí wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu láti bí ogún ọdún, kò kí ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan ń wí pé, "Ajá yín fẹ́ẹ́ pa wá lọ́mọ." Àwọn kejì ń dáhùn pé, "Ta ni ó rán ọmọ yín dé ẹ̀yìnkùlé wa?" Bí ó bá ṣe pé wọ́n ti fi ajá náà lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí di ìjà.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí kò ju gbólóhùn kan lọ: oúnjẹ nìkan kọ́ ni a ń fi sílẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn, ènìyàn ni a ń fi sílẹ̀ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹlòmíràn ni mo ń nà níka. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo lọ sí àjò ọjọ́ mẹ́ta, mo sì da àgbàdo àti omi sílẹ̀ rẹpẹtẹ fún adìẹ mi méjìlá nínú ilé wọn. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gun orí páànù omi, wọ́n yàgbẹ́ sí i, wọ́n sì dà á nù. Nígbà tí mo dé, mẹ́ta ti kú, àwọn ìyókù sì ń la ẹnu bí ẹyẹ tí a ń lé. Àgbàdo ṣì wà nílẹ̀, wọn kò tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹni tí ó ní oúnjẹ tí kò ní omi, kò ní nǹkan kan.

OMI NI Ó ṢÁÁJÚ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ooru bá mú ènìyàn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò làágùn, òógùn náà ni yóò sì tu ara. Ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Òógùn díẹ̀ ni ó ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mímí tí ó ń mí túpetúpe pẹ̀lú ahọ́n níta ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Ní ti adìẹ, kì í làágùn rárá. Ẹnu ni ó ń là, ìyẹ́ apá ni ó sì ń ká sókè lọ́sàn-án gangan. Bí àwọn ẹran wọ̀nyí ti ń mí bẹ́ẹ̀ ni omi inú ara wọn ń bá èémí lọ. Bí wọn kò bá rí omi mu dípò rẹ̀, ara wọn yóò máa gbóná títí tí wọn yóò fi ṣubú. Ajá tí a so mọ́ inú oòrùn láìsí omi lè kú láàárín wákàtí díẹ̀, kò di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, abọ́ omi kan kò tó. Ẹ gbé méjì sílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó jẹ́ abọ́ tí ó wúwo, bí ìkòkò amọ̀ tàbí abọ́ irin tí ó nípọn, kí ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbé e sínú rẹ̀ kí ó má baà dànù. Kí ẹ wo ibi tí òjìji yóò wà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé òjìji àárọ̀ kọ́ ni òjìji ọ̀sán. Kí ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ máa da omi àná nù, kí ó fọ abọ́, kí ó sì pọn tuntun sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Omi tí ó bá dúró sójú kan fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn yóò pa sínú rẹ̀, ibà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé yín.

TA NI Ó YẸ KÍ A FI WỌ́N LÉ LỌ́WỌ́?

Èkíní, kí ó jẹ́ àgbàlagbà. Ọmọdé lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ajá lé ọmọdé nìkan lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ajá náà mọ̀ ọ́n tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ajá ń gé jẹ kárí ayé ni ọmọdé, nítorí pé wọ́n kúrú, ojú wọn sì sún mọ́ ẹnu ajá, wọn kò sì mọ ìgbà tí inú ń bí i.

Èkejì, kí ó jẹ́ ẹni tí ẹran náà mọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe ẹni náà wá ní ìrọ̀lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ àjò, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ lójú yín.

Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ ẹni tí ó gbà tinútinú. Kì í ṣe ẹni tí ẹ kàn kígbe sí láti ojú fèrèsé mọ́tò pé, "Ẹ bá wa máa wo ajá yẹn o!" Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ẹlòmíràn ń wò ó, ẹlòmíràn náà yóò sì rò pé òun ni ó ń wò ó. Kí ó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú nǹkan lé e lọ́wọ́. Ìtọ́jú ẹran jẹ́ iṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní owó, ẹ mú ẹyin tàbí iṣu wá fún un nígbà tí ẹ bá dé.

Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ẹran náà lọ bá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ nílé wọn, tàbí kí ẹnìkan nínú yín dúró sílé. A kì í fi iná sórí òrùlé kí á lọ sùn.

ÌWÉ PÉLÉBÉ KAN

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa pé bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru bá fẹ́ lọ sílé, kò gbọdọ̀ lọ láìkọ ìròyìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àárọ̀. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún ẹni tí yóò bá yín tọ́jú ẹran. Ẹ gba ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí sí i:

1. Orúkọ tí ẹran náà ń jẹ́, ohun tí ó ń jẹ, bí ó ti pọ̀ tó, àti àkókò tí ó ń jẹ ẹ́.
2. Ibi tí omi wà, àti iye ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀ lójúmọ́.
3. Ibi tí ó ń sùn, ìgbà tí a ó tú u sílẹ̀, àti ìgbà tí a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.
4. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Bí àpẹẹrẹ, egungun adìẹ tí a ti sè a máa fọ́ sí ṣóńṣó, ó sì lè gún ajá lọ́fun tàbí nínú ìfun.
5. Nọ́ḿbà fóònù ẹni méjì nínú àwọn tí ó lọ sí àjò, kì í ṣe ẹnìkan. Bí fóònù ọ̀kan bá kú, èkejì yóò wà.
6. Nọ́ḿbà oníṣègùn ẹranko, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ẹran náà àti owó díẹ̀ nínú àpò ìwé.

Bí ẹni náà kò bá mọ̀wé, ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì tún un sọ fún yín. Ẹ má ṣe ti káàdì mọ́ yàrá! Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Fìdítì.

NÍ TI ẸRAN KỌ̀Ọ̀KAN

Ajá. Kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi láti ìgbà tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ ń di ẹrù, nítorí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí agbára rẹ̀ tó rinlẹ̀ nínú ara ajá. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó lọ, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní Jobele, kí wọ́n júwe àwọn oníṣègùn ẹranko fún yín; ilé ìwòsàn ẹranko sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ajá tí ó ní ọgbà tí a há dáadáa, ó sàn kí ó rìn nínú ọgbà ju kí a so ó lọ. Bí ẹ bá ní láti so ó, kí okùn gùn, kí ó má sì sí kùkùté tí yóò lọ́ ọ mọ́.

Ológbò. Ológbò lè dá wà ju ajá lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní láti rí ènìyàn lójúmọ́. Òun náà lè kó dìgbòlugi, nítorí náà kí ó gba abẹ́rẹ́. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin gbọ́: kòkòrò àrùn kan a máa wà nínú ìgbẹ́ ológbò tí ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Ẹ má ṣe fi kíkó ìgbẹ́ ológbò lé aboyún lọ́wọ́.

Adìẹ. Kí ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ máa kà wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, kí ó yà á sọ́tọ̀. Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má ṣe tu ìyẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe sè é jẹ, kí ó má sì tà á. Kí ó dí imú àti ẹnu, kí ó wọ ike sọ́wọ́, kí ó sin wọ́n jìn, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà kí ó ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹranko. Àrùn adìẹ kan tí ó lè ran ènìyàn wọ orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2006, ó sì pa adìẹ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe gbogbo ikú adìẹ ni irú àrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ebi a máa mú kí wọ́n jẹ ọ̀rá, ọ̀rá a sì máa dí wọn nínú títí tí wọn yóò fi kú. Ẹ gbá ilẹ̀ ọgbà mọ́ kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe kó èèpo gbágùúdá tútù jọ sílẹ̀ fún wọn kí ẹ sì rò pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Májèlé wà nínú èèpo tútù. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ỌMỌŃLÉ

Ìyá àgbà kan ní Ìlọrá tí ó máa ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa pa mí lẹ́rìn-ín láìpẹ́ yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, níbi tí ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Ẹ̀gbọ́n ìkókó yẹn ń sin ọmọńlé nínú àpótí gíláàsì! Wọ́n fẹ́ lọ sí ibì kan fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí n máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. Mo ní ṣé kí n kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀ ni?"

Mo bi í pé, "Màmá, kí ni ẹ wá ṣe?" Ó ní òun kò jẹ́ fọwọ́ kàn án, omi rẹ̀ nìkan ni òun ń pààrọ̀ láràárọ̀, òun kò sì pa iná tí wọ́n ní kí òun má pa. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa.

Mo sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa ju bí ó ti rò lọ. Irú ọmọńlé tí àwọn ọmọ òyìnbó sábà máa ń sìn ní àmì tótòtó lára bí ti ẹkùn. Ilẹ̀ gbígbẹ ní ìhà Pakistan, Afghanistan àti Íńdíà ni orísun rẹ̀. Inú ìrù rẹ̀ tí ó sanra ni ó ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, bí ràkúnmí ti ń ṣe nínú iké rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì le lè lo ọjọ́ mẹ́rin láìjẹun kí ó má sì sí ewu, bí a bá ti fún un ní oúnjẹ dáadáa kí a tó lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré ní láti jẹun lójoojúmọ́. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n wọn lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń mú apá kan àpótí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò gbọdọ̀ kú, nítorí pé ẹran tí ara rẹ̀ ń tẹ̀lé bí ibi tí ó wà ti rí ni. Bí ibẹ̀ bá tutù, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní dà. Ìrẹ̀ ni ó ń jẹ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ìrẹ̀ ààyè rẹpẹtẹ sínú àpótí kí ó sì máa lọ. Bí ọmọńlé kò bá jẹ ìrẹ̀ tán, ìrẹ̀ yóò máa jẹ ọmọńlé! Àgbàlagbà kan tí yóò yọjú lójoojúmọ́ sàn ju ọgọ́rùn-ún ìrẹ̀ lọ.

Ní ti ìlera ènìyàn, gbogbo irú ọmọńlé, àti alábahun náà, lè gbé kòkòrò àrùn kan tí àwọn dókítà ń pè ní Salmonella sínú ìgbẹ́ wọn. Ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ibà, ó sì máa ń le jù lára ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún, aboyún àti arúgbó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ẹran náà tàbí àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí wọ́n má ṣe fọ abọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Màmá tí ó ń gbé ìkókó kò gbọ́dọ̀ ti ibi àpótí lọ gbé ọmọ láìfọwọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kan àwa tí a wà nílé. Àwa kì í sin ọmọńlé, òun ni ó ń bá wa gbé. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹun: ẹ̀fọn, aáyán àti labalábá òru ni oúnjẹ rẹ̀. Kò ní oró, kì í sì í ṣe òtítọ́ pé oró rẹ̀ ni ó ń pa ẹni tí ó bá jẹ ọbẹ̀ tí ó já sí. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí a bẹ̀rù. Bí ó bá já sínú ọbẹ̀, ẹ da ọbẹ̀ nù. Kí ẹ tó lọ sí àjò, ẹ da ojú abọ́ dé, ẹ bo ìkòkò omi, ẹ má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ bá dé, ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́ kí ẹ tó bu oúnjẹ sí i, kí ẹ sì nu orí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ọmọńlé máa bá yín pa ẹ̀fọn.

BÍ AJÁ BÁ GÉ ẸNÌKAN JẸ

Kí ẹni tí ẹ fi ẹran lé lọ́wọ́ mọ èyí kí ẹ tó lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò lè dúró kí ẹ ti àjò dé.

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kòkòrò àrùn dìgbòlugi kò fẹ́ràn ọṣẹ. Ẹ má ṣe fi epo, ata, ìyẹ̀pẹ̀ tàbí irun ajá sí i.

2. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ojú ibẹ̀ tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ fi fóònù béèrè bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nílẹ̀ kí ẹ má baà máa ti ibì kan dé ibì kan. Oríṣiríṣi ọjọ́ ni a ń gba abẹ́rẹ́ náà: ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹta sí i, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, nígbà mìíràn ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n náà, bí dókítà bá ti là á sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí ọgbẹ́ bá jìn, abẹ́rẹ́ mìíràn tún wà tí wọn yóò gún yí ọgbẹ́ ká. Ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ dúró nítorí pé ọgbẹ́ ti jinná.

3. Ẹ má ṣe pa ajá náà bí ẹ bá lè dè é mọ́lẹ̀ láìséwu. Ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ, kí ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá yí ìwà padà, bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, bí ohùn rẹ̀ bá há, bí kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí bí ó bá kú, ẹ sọ fún dókítà kíákíá. Bí ajá bá sá lọ, kí ẹ ṣe bí ẹni pé dìgbòlugi ni.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé àrùn yìí a máa sùn nínú ara, nígbà púpọ̀ fún oṣù kan sí mẹ́ta, kí ó tó jí. Ọgbẹ́ yóò ti jinná, àwọn ènìyàn yóò ti gbàgbé. Bí ó bá sì ti jí, tí ẹ̀rù omi bẹ̀rẹ̀ sí í ba aláìsàn, kò sí oògùn tí àwa nọ́ọ̀sì tàbí àwọn dókítà lè fi gbà á là mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gba abẹ́rẹ́ ṣáájú kí ó tó jí, a ń yè. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní irú abẹ́rẹ́ yìí. Ajá ti gé e jẹ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ọmọ náà sì yè. Láti ìgbà náà wá, kò sí ìdí tí ọmọ wa kan fi ní láti kú nítorí ajá, bí a bá yára.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ DÉ

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ lọ wo ẹran yín. Ẹ wo omi, ẹ wo ìgbẹ́, ẹ wo bí ó ti ń rìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ bóyá ó gé ẹnikẹ́ni jẹ, bóyá ó jẹun, bóyá ó pọ̀. Ẹ má ṣe bínú bí ó bá sọ ohun tí kò dára fún yín, nítorí ẹni tí ó bá bẹ̀rù ìbínú yín yóò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ nípa ajá sì lè pa ọmọ ènìyàn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì fún un ní ohun tí ẹ ṣèlérí.

Mo ti rí àwọn ìdílé méjì Fìdítì yẹn láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti ń kí ara wọn. Nígbà tí olówó ajá tún fẹ́ lọ sí àjò, bàbá ọmọ tí ajá gé jẹ gan-an ni ó fi ajá lé lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkòkò omi méjì, nọ́ḿbà fóònù méjì, àti káàdì tuntun tí oníṣègùn ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń wò ó bí ó ti ń bu omi.

Kí Ọlọ́run mú wa lọ, kí ó sì mú wa bọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.